Ta Ló Ni Àkókò Rẹ? Ọjà, Ilé Kéwú, Iṣẹ́ Ọwọ́ àti JAMB Lọ́rùn Ọmọ Ọdún 17

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú kórópẹ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ojú, ẹ má jẹ́ kí dírẹ́bà gbé yín kọjá ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ nítorí tiwa. Ọ̀rọ̀ tòní, ẹ̀yin àbúrò wa tó wà láàárín ọdún 16 sí 19 ló ni ín. Ẹni tó wà ní SS3, ẹni tó ti ṣe WAEC tó ń dúró de JAMB, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ tó sì tún fẹ́ wọ yunifásítì. Àwọn òbí lè jókòó tì wá o, a ò lé yín.

Tó o bá wọ orí YouTube tó o wá bí wọ́n ṣe ń ṣètò àkókò, ẹnì kan wà tó o máa rí dájú. Ó dá nìkan wà nínú yàrá funfun, tábìlì kan, kọ́ọ̀pù kọfí kan. Ó jí ní aago márùn-ún, ó kọ nǹkan mẹ́ta sínú ìwé, ó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n wo yàrá yẹn dáadáa: kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ní Ipata níbí, kó o tó kọ nǹkan kejì sínú ìwé, wọ́n á ti pè ọ́. Wá bá mi gbé agbọ̀n yìí. Sáré lọ gba ṣéńjì lọ́wọ́ ìyá ẹléran. Àbúrò rẹ dà? Àgbà ló pè ọ́, o ò sì lè ní kó dúró, "Mo ń bọ̀ mà" ni, o ti dìde. Àwọn tó ń ṣe fídíò yẹn gbà pé ìwọ lo ni àkókò rẹ. Ọmọ ọdún 17 tó ń gbé nínú agbo ilé ní Ìlọrin mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ni ín pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ni mò ń bá wí. Ọmọbìnrin ni, ìyá rẹ̀ ń ta ata àti tòmátò ní ọjà Ipata. Ó ti ṣe WAEC. Ó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó ń lọ sí lẹ́sìn JAMB, ó ń lọ sí ilé kéwú ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ti sọ pé ó máa ṣe wòlímà lọ́dún yìí. Láti Àsùbáà ló ti dìde: ó gbálẹ̀, ó pọnmi, ó wẹ̀ fún àbúrò, ó bá ìyá rẹ̀ gbé ọjà jáde, ó bá a pàtẹ. Aago mẹ́sàn-án, ó ti gbọ́dọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Aago méjì, lẹ́sìn, títí di aago mẹ́rin. Lẹ́yìn Alásàrí, ilé kéwú títí Mọ̀gàríbì. Ó délé, ó dáná, ó fọ abọ́, ó kírun Ìṣáì. Ìgbà tó máa fi jókòó, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Tó bá fẹ́ sùn ní aago mọ́kànlá, wákàtí méjì ló kù fún un láti kàwé, ìyẹn tí iná bá wà, tí fóònù bá gba iná, tí TikTok ò bá sì gbé e lọ.

Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sì mú kó le nìyẹn. Ìyá rẹ̀ rí i láàárọ̀, kò rí i lọ́sàn-án. Ọ̀gá rẹ̀ ò mọ̀ pé ó ti pọnmi ó ti pàtẹ ọjà kó tó dé. Tíṣà lẹ́sìn rò pé láti orí ibùsùn ló ti ń bọ̀, ó wá ń bi í pé kí ló dé tó ń tòògbé. Àáfà rò pé ọmọ tó ń pẹ́ dé yìí ò ka kéwú sí mọ́ ni. Oníkálukú gbà pé díẹ̀ lòun mú. Gbogbo díẹ̀díẹ̀ yẹn wá di ohun tó lé ní wákàtí 15 lójúmọ́, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó rí àròpọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ náà bá ní ó rẹ òun, wọ́n á bi í pé, "Kí lo ṣe?"

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ nìyẹn: jẹ́ kí wọ́n rí àròpọ̀ náà. Má fi í pamọ́ sínú fóònù. Mo mọ̀ pé Google Calendar dára, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ ìyá rẹ ò ní ṣí fóònù rẹ láti lọ wo kàlẹ́ńdà níbẹ̀ (tó bá sì ṣí i, ọ̀rọ̀ míì ló fẹ́ wò). Nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Ìlọrin, kàlẹ́ńdà kan máa wà lára ògiri: ti wòlímà ọmọ ẹnì kan, ti ayẹyẹ ilé kéwú kan, ti olóṣèlú kan tó ń rẹ́rìn-ín sí wa látọdún tó kọjá. Ìyẹn ni kó o kọ ọ́ sí. Fi báírò pupa yí ọjọ́ ìdánwò po, fi àwọ̀ míì sí ọjọ́ tó jẹ́ ti ọ̀gá rẹ. Tí ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ ò bá ka ABC àmọ́ tí wọ́n ń ka ańjẹ́mí, fi ańjẹ́mí kọ ọ́, ṣé ilé kéwú lò ń lọ náà ni? Tó bá di pé wọ́n fẹ́ rán ọ níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ògiri ló máa kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ìwọ tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ ká wá wo wákàtí méjì alẹ́ yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. UTME tí JAMB ń ṣe, iṣẹ́ mẹ́rin ni: Use of English tó jẹ́ dandan, àti mẹ́ta míì. Ìbéèrè 60 ni ti Use of English, 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180. Wákàtí méjì ni wọ́n fún ọ. Ìṣẹ́jú 120 fún ìbéèrè 180, tó o bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ìdánwò tó ń dán ìmọ̀ wò ni, ó sì ń dán eré sísá wò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí kò ṣe é rí ní ìjókòó kan, lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú aago tó ń ka sẹ́yìn, ó lè máà dé ìbéèrè 130 kí wọ́n tó tì í jáde.

Nítorí náà, irú àkókò méjì ló wà, má sì pa wọ́n pọ̀. Odidi wà, èérún wà. Odidi ni wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni ò ní pè ọ́: ibẹ̀ ni wàá ti ṣe past questions 180 látòkè délẹ̀, ibẹ̀ ni ìṣirò àti físíìsì tó nílò kí ọpọlọ jókòó wà. Èérún ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí oníbàárà ò tíì dé, ìgbà tí kórópẹ̀ ń dúró kó kún, ìgbà tí ọ̀gá lọ ra okùn. Èérún tó fún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tó fún Government àti CRS tàbí IRS, ó tó fún ìwé ìtàn tí JAMB máa ń yàn. Ní ọdún 2025, The Lekki Headmaster ti Kabir Alabi Garba ni wọ́n yàn. Ìwé tó ṣeé kà ní orí kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn àwo ata ni. Ẹni tó ń fi odidi ka ohun tó yẹ kó fi èérún kà ń fi owó ńlá ra gúgúrú. Ẹni tó sì fẹ́ fi èérún ṣe ìṣirò, tí wọ́n ń pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìbéèrè kan, á kórìíra ìṣirò láìṣẹ̀.

Alẹ́ ọmọ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí kì í ṣe odidi. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní máa fi agídí jókòó ti ìwé títí aago kan òru. Màá fi wákàtí kan ka ohun kékeré, màá sùn, màá sì lọ tọrọ odidi méjì péré lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni àkókò mi. Ká sọ pé àárọ̀ Sátidé láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, àti ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Méjì lọ́sẹ̀, nínú oṣù mẹ́ta, odidi ìdánwò tó lé ní ogún lo ti ṣe nìyẹn.

Báwo lo ṣe máa tọrọ rẹ̀? Ibí yìí lagbára jù nínú ọ̀rọ̀ tòní. Ọmọ Yorùbá ò lè wo ojú ìyá rẹ̀ kó ní, "Mi ò ráàyè." Àrífín ni. Tó o bá sì sọ ọ́ láàárọ̀ Sátidé nígbà tí agbọ̀n ti wà lórí, ìjà lo pè. Ọ̀rọ̀ kan náà, tó o bá sọ ọ́ ní alẹ́ Wẹ́sìdeé lẹ́yìn oúnjẹ, tó o kúnlẹ̀ tàbí tó o bẹ̀rẹ̀, ó di ohun mìíràn: "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́ mà. Sátidé yìí, mo fẹ́ ṣe ìdánwò kan láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Màá bá yín gbé ọjà jáde, màá bá yín pàtẹ kí n tó lọ. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá ààbọ̀, mo ti dé." Wo ohun tó wà níbẹ̀. O sọ ọ́ ṣáájú. O sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa parí. O sọ iṣẹ́ tó o máa ṣe kó o tó lọ. O ò ní o ò ráàyè, àyè lo tọrọ. Wàá sì rí i pé wọ́n á gbà, torí ìyá tó ń ta ọjà mọ ohun tí àdéhùn ń jẹ́ ju èmi àti ìwọ lọ. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń gba ọjà àwìn tó sì ń sọ ọjọ́ tó máa san.

Àmọ́ o, aago mẹ́wàá ààbọ̀ tó o sọ yẹn, wà níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Tó o bá dé ní aago méjìlá lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kejì tó o bá tọrọ, wọn ò ní fún ọ, wọn ò sì jẹ̀bi. Bí wọn ò bá sì gbà ní ìgbà àkọ́kọ́, má jiyàn. Wá ẹni tó máa bá ọ sọ ọ́: àǹtí ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n tó ti wọ yunifásítì, Àáfà fúnra rẹ̀. Nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ tí kò wọlé, tí àgbà bá tún un sọ, ó máa ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ yàtọ̀ díẹ̀, torí àdéhùn ti wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó mú ọmọ lọ síbi iṣẹ́, àwọn òbí á jókòó pẹ̀lú ọ̀gá, wọ́n á sọ iye ọdún, wọ́n á sọ owó, àwọn mìíràn á kọ ọ́ sínú ìwé. Ọjọ́ yẹn ló dára jù láti sọ ọ́ pé ọmọ yìí fẹ́ ṣe JAMB, àti pé ọ̀sẹ̀ ìdánwò kò ní wá. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò ní kọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀; ohun tó ń bí wọn nínú ni kí ọmọ iṣẹ́ máa purọ́ àìsàn. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá fún ọ, jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá rẹ tẹ̀ lé ọ lọ. Má dá a lọ.

Fún ètò ojoojúmọ́, mo gbà wá níyànjú pé ká lo ohun tí a ti ní. Ìrun márùn-ún ti pín ọjọ́ fún wa, gbogbo ilé ló sì ń gbọ́ ọ láti orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ní Ìlọrin, Mọ̀gàríbì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí púpọ̀ nínú ọdún, torí náà ó dúró bí òpó. Tó o bá ní "láàárín Àsùbáà sí ìgbà tí oòrùn bá yọ, Government ni mò ń kà," gbogbo ilé mọ ìgbà yẹn, ara rẹ náà á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí náà lè lò ó bí aago, kò sí ẹni tó máa gba owó lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n tó bá kan ẹni tí kò sí nínú ilé, ìyẹn JAMB, tíṣà, oníbàárà, aago gidi ni kó o sọ. "Lẹ́yìn Alásàrí" lè jẹ́ aago mẹ́rin lọ́dọ̀ ìwọ, kó jẹ́ aago márùn-ún ààbọ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ má gbàgbé pé oṣù lójú ọ̀run ń sún. Ààwẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú lọ́dọọdún. Ní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù March ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ìforúkọsílẹ̀ UTME sì parí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kan náà. Ẹni tó ti ní "màá ṣe é tó bá kù díẹ̀" bá ara rẹ̀ lórí ìlà pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ. Gba kàlẹ́ńdà ògiri yẹn, kí o wo oṣù méjèèjì pa pọ̀.

Ayẹyẹ ńkọ́? Sátidé àti Sọ́ńdè ní Ìlọrin, ẹ mọ̀ ọ́n: nìkáà, ìsọmọlórúkọ, wòlímà. O ò lè sọ pé o ò lọ, mi ò sì ní gbà ọ́ níyànjú bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó wá síbi tìrẹ lọ́la ni wọ́n wà níbẹ̀ lónìí. Ohun tó yẹ kó o bèèrè ni ibi tí wọ́n ti nílò rẹ gan-an. Káàdì ní aago mẹ́wàá. Wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ní méjìlá. Ọ̀pọ̀ ọmọ á sì jókòó síbẹ̀ láti mẹ́sàn-án di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lórí fóònù, láìṣe nǹkan kan. Tí iṣẹ́ bá wà ní alẹ́ àná, ìyẹn gígé àlùbọ́sà, pípọnmi, gbígbé àga, ṣe é dáadáa kí gbogbo ènìyàn rí ọ. Tó o bá tọrọ àyè lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, wọ́n á ṣàdúrà fún ọ.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, bó bá tiẹ̀ bí ẹnikẹ́ni nínú. Nínú ilé kan náà, ọmọkùnrin ọdún 17 á kírun Alásàrí tán, ó ti gba pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ọmọbìnrin ọdún 17 á wà nídìí iná. Àwọn méjèèjì máa jókòó ṣe UTME kan náà, ìṣẹ́jú àáyá 40 kan náà. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ jókòó tì wá, ọmọkùnrin lè fọ abọ́. Ìwọ ọmọkùnrin tó ń gbọ́ mi, tó o bá gba àbúrò kékeré lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ fún wákàtí kan lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, odidi lo fún un yẹn.

WhatsApp náà wà níbẹ̀. "Ó dáa" tó o tẹ̀ sínú gúrúùpù, àdéhùn ni. Gúrúùpù kíláàsì àtijọ́ fẹ́ ṣe ìpàdé, o ní ó dáa. Ọ̀rẹ́ fẹ́ kó o bá òun lọ gba aṣọ, o ní ó dáa. Ojú ò rójú, ìka ló ń ṣèlérí. Má dáhùn lójú ẹsẹ̀. Lọ wo ògiri ná.

Kì í sì ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa wà lọ́wọ́ rẹ. Ní 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Tahir Mamman, ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 18 kó tó wọ yunifásítì. Kí ọdún náà tó parí, Tunji Alausa tó gbapò rẹ̀ dá a padà sí 16. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn kò ṣe nǹkan kan láàárín méjèèjì ju kí wọ́n máa gbọ́ ìròyìn lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù May 2025, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC pẹ́ débi pé ní àwọn ibì kan, iná tọ́ọ̀ṣì àti fóònù ni àwọn ọmọ fi kọ ọ́ lálẹ́. Ìdí tí àwọn òbí fi ń fẹ́ Yunifásítì Ìlọrin nígbà kan rí náà nìyí, torí nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún tí wọn ò fi bá ASUU dáṣẹ́ sílẹ̀: wọ́n fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè ka ọdún. Nítorí náà, má kún ọ̀sẹ̀ rẹ dé ẹnu. Fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i.

Tí nǹkan kan bá sì gbọ́dọ̀ dín kù, èyí tí olówó rẹ̀ lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni kó o dín. Ọ̀gá lè gbọ́. Àáfà lè gbọ́: lọ bá a, sọ fún un pé fún oṣù méjì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ lo máa lè wá dípò márùn-ún. Ohun tí Àáfà ò ní gbàgbé ni kó o dá a dúró láìsọ. JAMB ò lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kì í sún ọjọ́ nítorí ìwọ, èsì rẹ̀ sì ń kú lẹ́yìn ọdún kan, kò dà bí ti WAEC. Tó o bá pàdánù ti ọdún yìí, ọdún míì nídìí àwo ata nìyẹn.

Ìkejì tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni oorun. Má lọ yá a.

Èyí tó kù, ọjọ́ tí ìwé ìdánwò bá jáde. Tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní kíá, wo ọjọ́, aago àti ibi tí wọ́n fi ọ́ sí. Ní 2025, ariwo ta lórí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. JAMB ṣàlàyé pé àyẹ̀wò ni aago yẹn wà fún, aago mẹ́jọ ni ìdánwò gan-an. Bó ti wù kó jẹ́, ẹni tí wọ́n ní kó wà níbẹ̀ ní mẹ́fà ààbọ̀, tó ń gbé Ipata, tí ibi ìdánwò rẹ̀ wà lódìkejì ìlú, kò ní rí kórópẹ̀ tó kún ní aago yẹn. Lọ wo ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí o ka iye ìṣẹ́jú tó gbà ọ́. Fi ìwé náà han ìyá rẹ, fi han ọ̀gá rẹ, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bá ọlọ́kadà tí ilé yín mọ̀ sọ̀rọ̀, fún un ní díẹ̀ nínú owó rẹ̀, kó o sì sọ fún un pé láti mọ́sálááṣí Àsùbáà ni kó ti máa bọ̀ tààrà.